Bọ̀ọ̀dá Yanrìn Kì í Parọ́

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà; owó ọwọ́ la fi ń ra èké. Ẹni tí òwe yìí kò bá yé, ì bá wà ní yàrá àyẹ̀wò àwọn ológun ojú omi ní òwúrọ̀ Sátidé yẹn, nígbà tí Ọ̀gá Àgbà gbá tábìlì, tí ife tíì sì fò bọ́ sílẹ̀.

"Mi ò ní ọmọ ogun kankan tí wọ́n fi yanrìn ṣe!"

Àgbà olùdámọ̀ràn sáyẹ́ǹsì fún àwọn ológun náà ló ń jágbe mọ́, obìnrin kúkúrú kan tó wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún, tí omi ṣì ń kán lápá aṣọ rẹ̀. Kò wọ aṣọ ológun, kò ní ìbọn, kò sì sẹ́ni tó ń bẹ́rí fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa sọ fún Ọ̀gá Àgbà ohun tí omi, iná àti irin yóò ṣe, kó tó di pé wọ́n ṣe é. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń múra ìdánwò àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama, jókòó sí kọ̀rọ̀ yàrá náà, ó ń ṣe bí ẹni tó ń kàwé.

Nínú táǹkì ńlá tó wà láàárín yàrá, Bọ̀ọ̀dá Yanrìn ti rì. Tápólì ni wọ́n fi rán an, wọ́n rọ yanrìn sí i títí ìwọ̀n rẹ̀ nínú omi fi tó ti géńdé ọkùnrin, wọ́n sì fi bọ́ọ̀lù àlòkù ṣe orí fún un. Òṣìṣẹ́ kan tí kò rí nǹkan ṣe lọ́jọ́ kan ti ya ojú àti irùngbọ̀n sí bọ́ọ̀lù náà. Ẹ̀wù agbéniléfòó tuntun, aláwọ̀ ọsàn, ló wà lọ́rùn rẹ̀, irú èyí tí wọ́n fẹ́ pín fún gbogbo ọkọ̀. Síbẹ̀, ìsàlẹ̀ táǹkì ló sùn sí, ó ń wo òkè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ayé sú.

"Madam, ẹ̀wù yìí léfòó lójú mi," ni Ọ̀gá Àgbà wí. "Àwọn tó tà á fi hàn wá."

"Nínú omi tó mọ́ ni, sà. Inú ọ̀rá ni wọ́n ti yọ ọ́. Àwọn ọmọ yín kì í tọ́jú tiwọn sínú ọ̀rá. Ilẹ̀ ọkọ̀ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wọ́n á wá jókòó lé e. Epo dísù àti omi iyọ̀ ló sì ń sùn nílẹ̀ ọkọ̀ tọ̀sán-tòru. Mo rẹ èyí sínú omi iyọ̀ àti epo dísù bí ẹ ṣe rí i. Epo náà jẹ àtè tó so ẹ̀wù yẹn pọ̀. Bí àtè bá ti lọ, omi á wọlé, fóòmù inú rẹ̀ á sì mu ún bí búrẹ́dì ṣe ń mu tíì."

"Ẹ kúkú sọ fún wọn kí wọ́n má jókòó lé e mọ́!"

"Pákó ọkọ̀ le, sà. Ẹ lè pàṣẹ fún ọmọ ogun, àmọ́ ìdí kì í gba àṣẹ."

Òṣìṣẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Ojú Ọ̀gá Àgbà pọ́n.

"Ìmọ̀ràn la gbà yín sí fún!"

"Mo ti gbà yín nímọ̀ràn, sà. Ẹ má pín in."

"Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ gbọ́ ni mò ń sọ!"

"Ìyẹn kì í ṣe ìmọ̀ràn, sà. Gbohùngbohùn ni wọ́n ń pè é."

Ọ̀gá Àgbà mú fìlà rẹ̀. Ó yíjú sí táǹkì, ó fi ìka na Bọ̀ọ̀dá Yanrìn bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ ẹ́. "Ìgbìmọ̀ tó ń buwọ́ lu ohun èlò máa jókòó. Bó ṣe yanrìn lẹ ní, èmi máa mú èèyàn wá." Ó gbá ilẹ̀kùn mọ́ wọn lójú.

Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù ife nílẹ̀. "Òkun kì í bẹ́rí fún ọ̀gá," ló sọ fún ọmọ rẹ̀ láìgbójú sókè. "Wá bá mi fa Bọ̀ọ̀dá jáde kí òtútù má pa á."

* * *

Kó tó di ọjọ́ Ajé, ọ̀rọ̀ náà ti dé gbogbo ilé tó wà ní bárékè. Wọ́n sọ ìyá di Màmá Rárá, wọ́n sì sọ ọmọ di Ọmọ Rárá. Ní kíláàsì, bí ó bá ti wọlé, ẹnì kan á na ọwọ́ sókè.

"Màmá Rárá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè mí?"

Gbogbo kíláàsì á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Rárá!"

"Ṣé a lè lọ tọ̀?"

"Rárá!"

Ọmọ Rárá rò pé yóò rẹ̀ wọ́n. Kò rẹ̀ wọ́n. Wọ́n da omi sórí àga rẹ̀, wọ́n ní kó dán an wò bóyá yóò léfòó. Àmọ́ èyí tó dùn ún wọra ni ti ọmọ atukọ̀. Bàbá ọmọ yìí ló ń tu ọkọ̀ tó ń ṣọ́ ẹnu òkun, láti kékeré sì ni òun àti Ọmọ Rárá ti jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan. Ọmọ atukọ̀ gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì náà lójú gbogbo èèyàn.

"Bàbá mi ń wọ ẹ̀wù tó ti gbó lọ sójú omi," ló wí. "Ẹ̀wù tuntun kún inú ilé ẹrù bámúbámú. Ìyá rẹ jókòó tì í, ó ń fi bèbí ṣeré."

"Kì í ṣe bèbí."

"Kí ló wá jẹ́? Ẹ̀gbọ́n rẹ?"

Ẹ̀rín sọ. Ọmọ Rárá la ẹnu, ó tún un pa dé. Ìyá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí ojú bá rí ní yàrá àyẹ̀wò, yàrá àyẹ̀wò ni kí ẹnu fi í sí. Ó gbé ìtìjú náà mì bí oògùn kíkorò.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni olùkọ́ ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ pè é. Ọ̀gá Fèrè ni wọ́n ń pè é, nítorí fèrè ọrùn rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ àlejò ti súnmọ́, ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo ẹ̀wù tuntun ní odò ìwẹ̀ ilé ìwé, níbi táwọn ọmọ ti ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́.

"Ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ bọ́ sómi," ni Ọ̀gá Fèrè wí.

"Sà, màmá mi..."

"Mi ò bá màmá rẹ sọ̀rọ̀. Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Láti ìgbà wo lo ti ń bẹ̀ mí pé o fẹ́ wọ ẹgbẹ́ yìí? Wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà, kó o gba bẹ́líìtì rẹ lọ́jọ́ náà."

Àwọn kádẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí ń wò ó. Ọmọ atukọ̀ wà láàárín wọn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ wọ̀nyí, ó bá a sọ̀rọ̀ láìbú u.

"Tó o bá wọ̀ ọ́, a jẹ́ pé tiwa lo ń ṣe."

Ọmọ Rárá ro ó títí ó fi délé. Ó mọ̀ pé inú ọ̀rá ni wọ́n máa ti yọ ẹ̀wù náà. Ó mọ̀ pé omi odò ìwẹ̀ mọ́ gaara. Ó mọ̀ pé yóò léfòó. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ṣebí òun ò ní la ẹnu sọ nǹkan kan. Òun á kàn léfòó ni. Báyìí ni Èṣù ṣe máa ń wọlé ọlọ́gbọ́n: kì í gbé irọ́ wá, apá kan òótọ́ ló máa ń gbé lọ́wọ́.

Ní òròòwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ìyá rẹ̀ máa ń gbàdúrà, lẹ́yìn àdúrà a sì kì í. Ó kì í lọ́jọ́ àlejò náà pẹ̀lú, ó fọwọ́ lé e lórí:

"Ọmọ a-fòótọ́-jẹun-má-há-a-lọ́fun,
ọmọ a-rìn-lójú-ọ̀gbàrá-má-ṣubú,
ẹnu rẹ ni ọlá rẹ, má fi tọrọ.
Elédùmarè á ṣọ́ ẹnu ọ̀hún fún ọ."

"Àmín, mà," ni Ọmọ Rárá wí. Àmín náà há a lọ́fun.

* * *

Ó léfòó. Kí ni ì bá ṣe tí kò fi ní léfòó? Ó sùn lé ojú omi bí ewé, ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn náà gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, àwọn kádẹ́ẹ̀tì ń pàtẹ́wọ́, Ọ̀gá Fèrè ń fọn fèrè. Ọ̀gá Àgbà dìde láàárín àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, ó nawọ́ sínú omi.

"Ẹ bá mi wò ó dáadáa. Ṣé yanrìn nìyí? Ọmọ bíbí inú olùdámọ̀ràn wa ni!"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Láti inú omi, Ọmọ Rárá rí ìyá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn àwọn àga. Kò pariwo. Ó kàn ń wò ó, bí ó ṣe máa ń wo nǹkan tó ti fọ́ nínú táǹkì, tó ń wá ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyá náà kò bọ́ bàtà.

"Inú ọkọ̀ ni wọ́n ti mú ẹ̀wù yẹn wá?"

"Rárá, mà."

"Ọ̀rá ńkọ́?"

"Inú ọ̀rá ni, mà."

"O mọ̀ kó o tó wọ̀ ọ́?"

"Mo mọ̀, mà. Àmọ́ mi ò parọ́, mà. Ó léfòó lóòótọ́..."

"Dákẹ́!" Ìyá rẹ̀ kò jágbe mọ́ ọn rí. "O mú àfọ́kù òótọ́, o fi gún odindi òótọ́ pa. Èmi ò ní ìbọn, ìwọ ọmọ yìí. Mi ò ní ọkọ̀, mi ò ní ọmọ ogun. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi nìkan ni mo ní, òun lo sì rì sómi lójú ayé."

Ìgbìmọ̀ buwọ́ lu ẹ̀wù náà, wọ́n sì pín in fún gbogbo ọkọ̀. Wọ́n ní kí olùdámọ̀ràn lọ sinmi nílé títí wọn yóò fi ránṣẹ́ pè é. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá àyẹ̀wò lọ́wọ́ rẹ̀. Ní òròòwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbàdúrà fún ọmọ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe, ó ṣe àmín, ó sì dìde. Kò kì í.

Ọmọ Rárá gba bẹ́líìtì rẹ̀. Ó ń rìn láàárín àwọn kádẹ́ẹ̀tì. Ọmọ atukọ̀ gbé àpò rẹ̀ padà sórí bẹ́ǹṣì, ó sì ń bu bísíkíìtì fún un. "Bàbá mi ti ju ẹ̀wù àtijọ́ rẹ̀ dànù," ló wí. "Ó ní bí ọmọ olùdámọ̀ràn bá wọ tuntun tí kò rì, kí lòun ń fi àkísà ṣe?" Bísíkíìtì náà di eérú lẹ́nu Ọmọ Rárá. Ì bá sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó wo bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó gbé bísíkíìtì mì, ó dákẹ́.

* * *

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, òjò ń rọ̀ kíkankíkan nígbà tí ìgbì dojú ọkọ̀ atukọ̀ dé lẹ́nu òkun. Ọkọ̀ mìíràn wà nítòsí, ìyẹn ni kò jẹ́ kí gbogbo wọn kú sómi. Àwọn tó ti ń di ara ọkọ̀ mú, wọ́n fà wọ́n jáde. Atukọ̀ kò rí nǹkan dì mú. Ẹ̀wù rẹ̀ ló gbẹ́kẹ̀ lé. Àwọn tó gbé e jáde ní ẹ̀wù náà wúwo bí òkúta, pé ọ̀bẹ làwọn fi gé e kúrò lára rẹ̀.

Ọmọ Rárá sáré lọ sílé ìwòsàn. Atukọ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn onígíláàsì, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Ọmọ atukọ̀ fara ti ògiri, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ṣì tutù.

"Màmá mi ní ìyá rẹ sọ fún wọn pé epo inú ọkọ̀ máa jẹ ẹ́," ló wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ìyàwó òṣìṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Ṣé o mọ̀?"

Ọmọ Rárá ò lè gbójú sókè. "Mo mọ̀."

Ìgbátí náà dún débi pé nọ́ọ̀sì yọjú.

"Mo bú ọ nítorí pé mi ò mọ̀," ni ọmọ atukọ̀ wí. "Ìwọ mọ̀, o sì wọ̀ ọ́. Kúrò níwájú mi kí n tó hùwà tí mi ò fẹ́ hù."

Ó délé, ó wólẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ò tún ní ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ìyá náà jẹ́ kó sunkún tó.

"Mo gbọ́," ló wí níkẹyìn. "Àmọ́ èmi kọ́ ni mo wà nínú ọkọ̀. Wọ́n ní Ọ̀gá Àgbà ti sọ pé àìfarabalẹ̀ atukọ̀ ló fà á, pé àwọn ọkọ̀ yòókù ń jáde láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti pè é títí, kò gbé e. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ò sì ní jẹ́ kí n wọ èbúté. Ibi tí aṣọ bá ti ya la ti í mú abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Níbo lo ti ya á?"

"Lójú gbogbo èèyàn, mà."

"Ó dáa. Nu ojú rẹ."

* * *

Bẹ́líìtì kádẹ́ẹ̀tì ló mú Ọmọ Rárá kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́. Ìgbà yẹn nìkan ló wúlò fún un.

Àwọn ọkọ̀ tò sẹ́bàá èbúté, ẹ́ńjìnnì wọn ń kùn. Àwọn ọmọ ogun ti wà nínú wọn, àwọn kan wọ ẹ̀wù ọsàn náà, àwọn kan sì jókòó lé e gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Ọ̀gá Àgbà dúró sórí pèpéle, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ ìgboyà. Àwọn kádẹ́ẹ̀tì tó wá dágbére tò sẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀gá Fèrè wà níwájú wọn. Ọmọ atukọ̀ pẹ̀lú wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ wú.

Ọmọ Rárá kò tò sí ìlà. Ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ tó súnmọ́ jù, ó dúró níwájú ọmọ ogun kan tó jókòó lé ẹ̀wù rẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde díẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde, ó yà á lẹ́nu. Ọmọ Rárá fa ẹ̀wù náà jáde nínú omi dúdú tó wà nílẹ̀ ọkọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. Epo ń kán níbẹ̀. Ó fún un, omi sì ń ṣàn jáde láti ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ó ń ṣàn, kò dáwọ́ dúró.

"Kí nìyẹn ń ṣe níbẹ̀?" ni Ọ̀gá Fèrè ké. "Jáde!"

"Èmi ni mo wọ ẹ̀wù yìí nínú odò ìwẹ̀!" Ohùn Ọmọ Rárá dé ọkọ̀ tó kẹ́yìn. "Inú ọ̀rá ni wọ́n ti yọ tèmi. Nínú omi tó mọ́ ni mo wọ̀ ọ́. Màmá mi ti rẹ ẹ́ sínú epo yìí, ó rì, mo wà níbẹ̀, mo fojú mi rí i. Mo mọ̀, mo sì wọ̀ ọ́, nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹni tó bá fi òótọ́ kékeré bo òótọ́ ńlá mọ́lẹ̀, irọ́ ló pa. Irọ́ mi ló wà lọ́rùn yín yẹn!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dìde lẹ́ẹ̀kan mú ẹ̀wù náà, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó wo ìdí rẹ̀ tí epo ti rin. Ó wo ojú òkun. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kan ìdè tó wà láyà rẹ̀, ó tú u. Ẹlòmíràn tú tirẹ̀. Ìró ìdè tó ń tú ń lọ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, ta, ta, ta, bí òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán sórí páànù.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ?" ni Ọ̀gá Àgbà bú ramúramù. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, ó wá dúró lókè orí ọmọ náà. "Ìyá rẹ ló rán ọ. Ó kù kó o gbé ọmọláńgidi oníyanrìn yẹn wá síbí!"

Ọmọ Rárá gba ẹ̀wù náà padà, ó gòkè láti inú ọkọ̀. Ẹ̀rù ń bà á, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tí ìyá rẹ̀ mọ̀: ẹni tó bá sọ òótọ́ lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì lóun nìkan, yóò sì sùn, ẹni tó bá fi í ra ojúrere, àárín èrò ni yóò ti máa rì. Láti àárín ìlà àwọn kádẹ́ẹ̀tì, ọmọ atukọ̀ ń wò ó, kò rẹ́rìn-ín, kò sì gbójú kúrò.

"Rárá, sà," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ sọ pé èèyàn lẹ ń fẹ́."

Ó na ẹ̀wù tó ń kán epo náà sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ wọ èyí, kẹ́ ẹ bọ́ sómi."